Gíláàsì kan ló fọ́, oníṣẹ́ ní gbogbo wíńdò ni kí n pààrọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé ní Ṣómólú. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò gbá a mọ́ wíńdò pálọ̀ mi, gíláàsì kan sì fọ́ nínú méjì. Wíńdò sláídì ni, èyí tí à ń tì lọ tì bọ̀. Mo pe oníṣẹ́ àlùmíníọ̀mù, ó ní kí n jẹ́ kí òun yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí òun ṣe tuntun. Bàbá onílé ní èmi ni mo máa sanwó. Àbúrò mi ní kí n fi ọ̀rá àti tépù dí i ná. Òjò sì ń ṣú lójoojúmọ́. Èwo ni kí n ṣe?

*

Ẹ má pààrọ̀ gbogbo wíńdò. Gíláàsì kan ló fọ́, gíláàsì kan náà ni kí ẹ rà. Mo ti rí férémù tó dára gan-an tí wọ́n kó fún àwọn tó ń ra kòǹdẹ́mù, nítorí pé oníṣẹ́ fẹ́ gba iṣẹ́ tó tóbi, ó sì máa ń dùn mí.

Férémù sláídì kì í ṣe ohun tí bọ́ọ̀lù ọmọdé lè bà jẹ́. Róbà dúdú tó yí gíláàsì ká ló dì í mú, síkúrúù tó wà ní igun férémù ló sì di róbà àti gíláàsì pọ̀. Tí wọ́n bá gbé ojú wíńdò náà sókè díẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á kúrò lójú irin tó ń sáré lórí rẹ̀, wọ́n á fà á jáde. Wọ́n á tú síkúrúù, wọ́n á ya férémù sọ́tọ̀, wọ́n á gbọn àfọ́kù kúrò nínú kòtò rẹ̀, wọ́n á fi róbà yí gíláàsì tuntun ká, wọ́n á sì tún un dè. Iṣẹ́ náà kò gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, bí gíláàsì bá ti wà nílẹ̀.

Ìgbà tí mo lè gbà fún oníṣẹ́ pé kí a yọ gbogbo rẹ̀ ni ìgbà tí férémù bá ti tẹ̀, tàbí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti jẹ tán, tàbí tó bá jẹ́ irú tó ti pẹ́ débi pé róbà tó bá kòtò rẹ̀ mu kò sí lọ́jà mọ́. Ẹ ní kó nawọ́ sí ibi tó bàjẹ́. Bí kò bá rí ibi nawọ́ sí, ẹ wá ẹlòmíràn.

*

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá àti tépù.

Fún alẹ́ ọjọ́ kan, kò burú. Ẹ̀fọn kò ní wọlé, eruku kò ní wọlé. Ṣùgbọ́n Èkó la wà. Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje ni òjò ńlá ń rọ̀, ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ, ó tún ń padà lóṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ìjì ló sì máa ń ṣáájú òjò. Kí ẹ tó rí ẹ̀kán omi àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ yẹn ti fa tépù ya. Bí gíláàsì kò bá ní tètè dé, ẹ jẹ́ kí káfíńtà gé pláíwúùdù tó bá ojú ibẹ̀ mu, kí ó dè é mọ́lẹ̀ dáadáa.

Àmọ́ kí ẹ tó dí ohunkóhun, ẹ kó àfọ́kù kúrò ná. Bàtà lẹ́sẹ̀, ìbọ̀wọ́ tó nípọn lọ́wọ́. Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ́, torí bí ẹ bá fa ti ìsàlẹ̀, ti òkè lè já lé yín lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá ti gbá ilẹ̀ tán, ẹ pa iná, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ lórí táìlì kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa lọ gbọọrọ lórí ilẹ̀. Ẹ ó rí wóówóó tí ìgbálẹ̀ kò kó, á máa dán wínníwínní. Aṣọ tó tutù ni kí ẹ fi kó o, kí ẹ sì ju aṣọ náà nù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da àfọ́kù sínú ọ̀rá ìdọ̀tí lásán. Àwọn tó ń tẹ̀lé ọkọ̀ PSP tó ń kó ìdọ̀tí ń fi ọwọ́ gbé e, àwọn tó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn náà ń fi ọwọ́ tú u. Ẹ fi ìwé ìròyìn wé e, ẹ kó o sínú páálí, ẹ dì í, ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé gíláàsì ló wà níbẹ̀.

*

Ta ni yóò sanwó? Ibí ni àríyànjiyàn pọ̀ sí jù. Àwọn kan ní ẹni tó ń gbénú ilé ni kó tún un ṣe, àwọn kan ní ilé onílé ni, kí onílé tún ilé rẹ̀ ṣe. Ìdajì òtítọ́ ló wà lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lórí ilé yíyá ní 2011 sọ pé kí ayálégbé mú ilé wà ní ipò tó dára, yàtọ̀ sí ohun tó bá gbó fúnra rẹ̀ nítorí lílò. Ó tún sọ pé kí onílé máa tún ìta ilé ṣe, àti àwọn ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò. Ó dára. Wíńdò ńkọ́? Ojú kan rẹ̀ kọ sí pálọ̀ yín, ojú kejì kọ sí títì. Ìdí nìyẹn tí bàbá onílé fi lè fi òfin kan náà gbèjà ara rẹ̀, tí ẹ̀yin náà sì lè fi gbèjà ara yín.

Èrò tèmi ni pé kí a wo ohun tó fọ́ ọ. Bí férémù bá ti ń mì tipẹ́, tí ẹ ti sọ fún un, tí kò dá yín lóhùn, tí ìjì wá já a lulẹ̀, onílé ni kó sanwó. Bí ẹ̀yin tàbí ọmọ yín bá fi ìgbálẹ̀ gún un, ẹ̀yin ni. Ní ti bọ́ọ̀lù yìí, àwọn òbí ọmọ tó gbá a ni ó yẹ kó san án, ẹ sì lọ bá wọn pẹ̀lú sùúrù, lójú àgbàlagbà kan ládùúgbò. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè wọ́n kí ẹ tó ṣe é. Òjò kò ní dúró dè yín.

Ẹnì kan ní kí ẹ sanwó rẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ nínú owó ilé ọdún tó ń bọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. N kò fara mọ́ ọn rárá. Ìjà tí ẹ kò lè borí ni yóò dá sílẹ̀, nítorí owó ilé tí kò pé ni bàbá onílé yóò máa sọ, kò ní dárúkọ wíńdò. Ẹ kọ̀wé sí i lórí fóònù kí ẹ tó ṣe é, ẹ fi fọ́tò àti iye owó ránṣẹ́, ẹ bi í bóyá ó gbà kí ẹ yọ gbogbo rẹ̀ tàbí ìdajì. Bó bá dáhùn, ẹ pa ìdáhùn náà mọ́ pẹ̀lú rìsíìtì.

Òfin 2011 yẹn yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé níbẹ̀, ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí ni kó kà dáadáa. Gbogbo wa sì ni kí a rántí owó káṣọ̀n tí éjẹ́ǹtì gbà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ tí a kó wọlé. Gíláàsì tí ẹ kò tún ṣe lónìí, inú owó yẹn ni wọn yóò ti yọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde, iye tó bá wù wọ́n ni wọn yóò sì pè é.

*

"Ṣé mo lè wọ̀n ọ́n fúnra mi?"

Ó yẹ kí ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín, kódà bí oníṣẹ́ ni yóò ṣe é. Ìwọ̀n tí kò péye ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ju àìmọ-iṣẹ́ lọ.

Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ẹ wọn gíga rẹ̀ lápá òsì, láàárín àti lápá ọ̀tún. Èyí tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ mú. Mílímítà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe íǹṣì, torí "íǹṣì 23 ó lé díẹ̀" ló ń mú kí gíláàsì padà sọ́jà. Ní ti sláídì, ibi tí ojú ń rí nìkan kọ́ ni gíláàsì dé o. Etí rẹ̀ wọ inú kòtò férémù lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀. Bí férémù bá ti tú, ẹ wọ̀n ọ́n láti inú kòtò dé inú kòtò, kí ẹ wá yọ àyè tí róbà máa gbà. Bí àfọ́kù kan bá ṣì ní etí méjèèjì lódindi, ẹ má jù ú nù, òun ni ìwọ̀n tó dájú jù lọ.

Ẹ mú àfọ́kù kan dání lọ sọ́jà fún nǹkan méjì: nínípọn rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀. Gíláàsì aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ilẹ̀ pọ̀ ní Èkó, àwọ̀ tí wọ́n sì ń pè ní orúkọ kan náà lè yàtọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù kan sí òmíràn. Ìta ni kí ẹ ti fi méjèèjì wéra, nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù máa ń tan ojú.

Bí wọ́n ti ń gé e, ẹ dúró wò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gé yóò tọ ẹnu irin ìgé náà bọ kẹrosíìnì, yóò fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti etí dé etí, ẹ ó sì gbọ́ ohùn kan tó ń lọ ṣííí láìdáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni yóò fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á sì là. Ẹni tó bá ń fa irin náà lọ fà á bọ̀ lójú ìlà kan ń ba gíláàsì yín jẹ́, torí ìlà ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ń mú kó sán gba ibi tí kò yẹ.

Lóòró ni kí ẹ gbé e lọ sílé. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lẹ́yìn ọkọ̀, gọ́tà kan péré lójú ọ̀nà yóò là á sí méjì. Ẹ má sì gbé e sórí ọ̀kadà, ẹ jọ̀ọ́.

*

Sílíkọ́nì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí sílíkọ́nì bá ti pọ̀ tó ni iṣẹ́ ṣe dára tó. N kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ilé kan tí mo gbé ní Èbúté-Mẹ́tta, omi wà nínú irin ìsàlẹ̀ wíńdò nígbà tí oníṣẹ́ dé. Ó fi sílíkọ́nì dí gbogbo ihò kéékèèké tó wà níbẹ̀ pátá, ó ní ibẹ̀ ni òjò ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ni òjò ń gbà jáde! Òjò tó rọ̀ tẹ̀lé e kún irin yẹn dẹ́nu, omi ṣàn sórí ògiri nínú ilé, ọ̀dà wú, ó ń bó. Síkúrúdíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi lu ihò wọ̀nyẹn padà, omi sì tú jáde síta lójú mi.

Róbà ló ń di gíláàsì sláídì mú. Àárín férémù àti ògiri ni ipò sílíkọ́nì, lójú ìta. Ibi tí ẹ bá fi sí, ẹ nu ún kó gbẹ kí ẹ tó fi í, kí ẹ sì fún un ní wákàtí 24 kí omi tó kàn án. Bí ojú wíńdò bá sì ti wà nílẹ̀, ẹ yẹ táyà kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀ wò, kí ẹ fọ iyanrìn kúrò lára wọn. Èyí tó bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kan náà.

*

Ẹnì kan láti Ìsàlẹ̀ Èkó bèèrè nípa wíńdò onípákó ilé bàbá bàbá rẹ̀, irú ilé tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé mú àṣà rẹ̀ wá. Gíláàsì méjì ti jábọ́ níbẹ̀, àwọn ẹbí sì fẹ́ yọ pákó náà kúrò, kí wọ́n fi àlùmíníọ̀mù sí i.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má yọ ọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2016 ni wọ́n wó Ilojo Bar ní Tinúbú, irú ilé Àgùdà bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ti kéde ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Kò sí ẹni tó lè dá a padà. Àwọn ilé tó ṣẹ́ kù, wíńdò kan lẹ́yìn òmíràn ni wọ́n ń bọ́ lọ́wọ́ wa, pákó tí ẹ bá sì yọ lónìí, ìdáná ló ń bá lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Púútì ló di gíláàsì rẹ̀ mú, ẹfun tí a fi òróró lìnsíìdì pò. Ẹ fi ṣísẹ́lì rọra há èyí tó ti gbó kúrò títí pákó yóò fi hàn, kí ẹ yọ ìṣó kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, nítorí náà ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ gbo ó. Ẹ rin ín lómi, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà. Ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kun pákó náà, torí pákó gbígbẹ yóò fa òróró inú púútì mu, púútì yóò sì sán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ́ púútì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ tẹ gíláàsì lé e lórí, kí ẹ kan ìṣó kéékèèké tí kò lórí sí etí rẹ̀, kí ẹ wá fi púútì bò ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi lè máa yọ́ lọ. Gíláàsì náà gbọ́dọ̀ fi bíi mílímítà 3 kéré sí ojú ihò, ní gíga àti ní fífẹ̀, torí pákó máa ń wú lásìkò òjò. Ẹ dúró bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹ tó kùn ún, kí ọ̀dà náà sì gun gíláàsì díẹ̀ kí omi má baà rí àyè wọ ẹ̀yìn púútì.

Ilé tó bá ti rì sápá kan, ojú wíńdò rẹ̀ kì í dọ́gba mọ́. Tépù tí a fi ń wọn nǹkan nìkan kò tó níbẹ̀. Ẹ gé páálí tó wọ ihò náà rẹ́gí, kí ẹ gbé páálí yẹn lọ fún onígíláàsì.

*

Àwọn onílúfà, ìyẹn wíńdò tí gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tò léra nínú rẹ̀, ń yọ̀, wọ́n ní tiwọn kò ní wàhálà. Òótọ́ ni. Tí ọ̀kan bá fọ́ lára lúfà, ẹ rọra fi púláyà la ẹnu ìdìmú rẹ̀ lápá kan, ẹ fa àfọ́kù jáde, ẹ ti tuntun wọlé, ẹ sì dẹ ẹnu rẹ̀ padà. Fífẹ̀ íǹṣì 6 ló wọ́pọ̀, íǹṣì 4 sì wà. Gígùn nìkan ni ẹ máa wọ̀n. Kí ẹ rí i pé wọ́n fi òkúta lọ etí rẹ̀, torí etí yẹn ni ọwọ́ yín máa ń kàn.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yẹn náà ni àléébù rẹ̀. Bí ẹ ṣe lè yọ ọ́ láti inú ni ẹlòmíràn lè yọ ọ́ láti ìta. Ẹni tó bá ní lúfà nísàlẹ̀ ilé tí kò ní irin bọ́gílárì, ọ̀rọ̀ irin ni kó kọ́kọ́ gbọ́.

*

Nínípọn. Wọn yóò sọ fún yín pé mílímítà 3 ti tó, ó sì dínwó. Bí róbà yín bá jẹ́ ti mílímítà 5, èyí tó jẹ́ 3 yóò máa gbọ̀n nínú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́, omi yóò sì máa yọ́ wọlé. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi síbẹ̀. Kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ máa gbé: mílímítà kọ̀ọ̀kan ń wọn kílò 2.5 nínú mítà kan níbùú lóròó. Gíláàsì mílímítà 5 tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kílò 9 ó lé díẹ̀ ni. Kì í ṣe ohun tí èèyàn kan ń dá gbé lórí àkàbà.

Gíláàsì tí iná ti mú le, èyí tó máa ń fọ́ sí wóówóó tí kò ní ẹnu ṣóńṣó, kò ṣe é gé lẹ́yìn tó bá ti le. Bí irú rẹ̀ ló fọ́ lára ilẹ̀kùn tàbí ilé ìwẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní ìwọ̀n, kí wọ́n gé e kó tó wọ iná. Ẹ má gbà kí wọ́n fi gíláàsì lásán rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá yọ̀ lu gíláàsì lásán, ẹran ara ló ń gé.

Tépù tí àwọn kan ń lẹ̀ ní àgbélébùú sára gíláàsì kò ní kó má fọ́. Nígbà tí àgọ́ ológun Ìkẹjà bú gbàmù ní January 27, 2002, àti nígbà tí Abúlé Àdó bú ní March 15, 2020, gíláàsì fọ́ nínú ilé tó jìnnà sí ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni fíìmù tó bo gbogbo ojú gíláàsì láti etí dé etí. Yóò fọ́ o, ṣùgbọ́n àfọ́kù yóò so mọ́ra, kò ní fò lu ẹni tó jókòó nítòsí. Ẹni tí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ bá wà lábẹ́ wíńdò, kó ronú sí i.

*

Arábìnrin wa láti Ṣómólú ti fèsì. Ó ní oníṣẹ́ mìíràn ti gbà láti pààrọ̀ gíláàsì kan náà, ṣùgbọ́n irin bọ́gílárì wà nínú ilé, ojú wíńdò kò sì lè gba ibẹ̀ wọlé.

Èyí nira lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ ohun tí oníṣẹ́ àkọ́kọ́ rí tó fi ń pariwo tuntun. Ọ̀nà méjì ló wà. Bí bọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de irin náà, kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì dè é padà lọ́jọ́ kan náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí wọ́n bá jó o mọ́ra, ìta ni kí wọ́n ti yọ ojú wíńdò, pẹ̀lú àkàbà tó dúró dáadáa àti èèyàn méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ má gbà kí oníṣẹ́ kan dá gùn ún, kódà bó bá ní ó ti mọ́ òun lára. Ẹ lé àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ ibẹ̀ títí wọn yóò fi parí.

Ẹ bi í ní owó gíláàsì lọ́tọ̀, owó róbà lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ san ti gíláàsì àti róbà kó fi lọ sọ́jà, tàbí kí ẹ bá a lọ. Owó iṣẹ́, ẹ mú un dání títí ẹ ó fi ti wíńdò náà lọ tì í bọ̀, tí ẹ ó sì fi kọ́ọ̀bù da omi sínú irin ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí omi bá jáde síta, ẹ sanwó rẹ̀ pé. Bó bá dúró sójú kan, kó má tíì kó irinṣẹ́ rẹ̀.